Iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré fún kókó ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ: ta ló yẹ fún?

Iṣẹ́ yìí dára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí kókó wà lẹ́dọ̀ rẹ̀ ni kò nílò rẹ̀ rárá. Hemangioma, ìyẹn kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ pọ̀ mọ́ra di, ló wọ́pọ̀ jù. Bí kò bá ti dunni, tí MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) sì ti fi í hàn kedere, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Bákan náà ni ti FNH, kókó tó ń yọ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá pọ̀ jọ lójú kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kíákíá kí wọ́n gé irú rẹ̀, ẹ lọ bi dókítà mìíràn.

Adenoma, kókó mìíràn tó ń hù látinú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, gan-an ni ká fojú sí. Ó lè bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ikùn, òmíràn a sì di jẹjẹrẹ. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní estrogen á kọ́kọ́ dá a dúró, á dín ara kù bó bá sanra, wọ́n á tún MRI ṣe lẹ́yìn oṣù 6. Bó bá ṣì lé ní sẹ̀ǹtímítà 5, tàbí tó ń dàgbà sí i, kí wọ́n gé e. Ti ọkùnrin, gígé ni, ì báà kéré.

Níbí ni iṣẹ́ oníhò ti tayọ. Wọ́n á fi gáàsì CO2 fẹ́ ikùn sókè, wọ́n á ki kámẹ́rà àti irinṣẹ́ gba ihò mélòó kan tó jẹ́ mìlímítà 5 sí 12. Wọ́n á fi okùn yí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ ẹ̀dọ̀ ká: ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń fún un pa, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi ń tú u sílẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ má bàa kú. Kókó tí wọ́n gé á wọ àpò, wọ́n á fà á jáde nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí wọ́n ń gbà gbé ọmọ nínú iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Ìrora rẹ̀ kéré sí ti lílà gbọọrọ, èèyàn sì ń tètè lọ sílé.

Dókítà tó ń kunni lóorun á dín omi dírípù kù kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ má wú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà á dín kù, ṣùgbọ́n gáàsì lè tètè wọ iṣan tó bá ya. Òróòro náà lè máa jò lẹ́yìn iṣẹ́. Kókó tó bá fara pamọ́ sókè lẹ́yìn, lápá ọ̀tún, ṣòro láti dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, kí wọ́n là á gbọọrọ lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oníná tó ń jó kókó dára fún adenoma kékeré. Bí wọ́n bá lò ó fún hemangioma ńlá, ooru lè fọ́ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ á pọ́n bíi sóbò, kíndìnrín sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Fún adenoma tó ti bẹ́, wọ́n lè ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba òpó ẹ̀jẹ̀ itan lọ dí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó náà. Ibà àti inú rírun ọjọ́ díẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ọ́tírásáàndì tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀dọ̀ nígbà iṣẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ tó bá tiyín mu nílẹ̀.