Garawa ìdọ̀tí onírin tó pa iná ní wọ́ọ̀dù wa, àti àwọn tó tà á fún wa

Iná sọ nínú garawa ìdọ̀tí ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì kú kí n tó gbé ohun èlò ìpaná débẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

NEPA ti mú iná lọ, ẹ̀fọn ń jẹ gbogbo èèyàn. Obìnrin kan tó wá dúró ti aláìsàn tan kọ́ìlì ẹ̀fọn. Nígbà tí a ní kó pa á, ó fẹsẹ̀ tẹ ibi ìtẹ̀ garawa kí ọmọrí rẹ̀ lè ṣí, ó sọ kọ́ìlì tó ṣì ń pọ́n yòò sórí òwú tí a ti rẹ sínú sánítáísà. Ọtí ló pọ̀ jù nínú sánítáísà. Gbàù! Iná yọ lẹ́nu garawa. Obìnrin náà sá, ọmọrí sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dé e pa. Afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé mọ́. Èéfín díẹ̀ rú jáde, ó tán.

Ìyá àgbà kan wà lórí ọ́síjìn nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ya wèrè níbi tí ọ́síjìn bá wà á mọ̀ pé Ọlọ́run ló yọ wá. Garawa oníke tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ì bá yọ́, ì bá máa kán sílẹ̀ tiná-tiná.

Méjì la rà. Ìkejì rẹ̀ ńkọ́? Ilé-ìgbẹ̀bí la gbé e sí. Ọmọrí ẹ̀ yanu sílẹ̀ gbayawu. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ibi ìtẹ̀ mọ́ ọmọrí ti wọ́, ó ń ha ara páànù. Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á ní ọjà Òkè-Ajé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ títí, kò dé. Ó ní, "Àǹtí, ìdọ̀tí ṣáà lẹ fẹ́ dà sí i. Ẹ yọ ọmọrí yẹn dànù, kẹ́ ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀."

Ọmọrí tó pa iná! Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, fóònù ló ń tẹ̀. Ọ̀gá wọn jáde, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n wá wẹ́dà. Mo tẹ àwọn tuntun tó wà nílẹ̀ wò lójú wọn, òmíràn nínú wọn ò dé rárá. Wọn ò sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Aláwọ̀ fàdákà nìkan ni wọ́n ní, àwa la lẹ táàpù yẹ́lò mọ́ èyí tó wà fún ìdọ̀tí tó lè ran èèyàn. Bí etí láílọ́ọ̀nù bá sì ki jù lẹ́nu rẹ̀, ọmọrí ò ní jókòó dáadáa.

Máàkì mi fún garawa tó pa iná, kì í ṣe fún àwọn tó tà á: 5 nínú 5. A máa ra sí i fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n a ò ní sanwó èyí tá ò bá tíì tẹ̀ wò.