Ẹ̀yin olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn, ẹ wá sí Kubwa

Sítúdíò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Kubwa ní Abuja ló wà, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, nítòsí títì Gado Nasko. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà, wọn á fi àtẹ̀gùn hàn yín. Ọmọ Kabba lẹni tó ni ín. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é, Àbúrò lòun náà ń pè mí. Ibẹ̀ ni mo ti ká àwọn orin tí mo gbé jáde kẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ orin fúnra rẹ̀, tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe é, mọ ibẹ̀.

Yorùbá ni mo fi ń kọrin. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jọ rìn. Bí orin bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, nǹkan mìíràn ni olùgbọ́ máa gbọ́. Wàhálà kejì ni Auto-Tune, ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin tó bá ṣìnà ṣe. Láti 1997 ló ti wà, ó wúlò, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yí i kó máa yára tún ohùn ṣe, gbogbo ibi tí ohùn ti ń fà ló máa ń gé dànù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú èdè wa, bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ṣe ni ọ̀fun máa ń fà á gòkè. Gé fífà yẹn kúrò, kí o sì gbọ́ bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe máa dún bí àjòjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè. Bọ̀ọ̀dá mọ èyí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Ó dín ìyára ẹ̀rọ náà kù, ó wá ń fetí sí orin mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. “Àbúrò, tún ìlà yẹn kọ, nǹkan mìíràn ni mo gbọ́.” Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bíìtì ní ìlú yìí ni orí wọn pé, àmọ́ wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò sì lè mọ̀ pé ohùn ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Yàrá náà kéré. Kì í ṣe fóòmù nìkan ló lẹ̀ mọ́ ògiri bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe, torí fóòmù kò lè mú ìró tó wúwo. Rockwool, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe tó ń mú ìró, ló kó sínú férémù igi, ó fi àdìrẹ bò ó. Shure SM7B ló gbé síwájú mi, máìkì tí kì í kó ariwo yàrá jọ púpọ̀. Ó ní ínfátà, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kì í wọ inú orin ẹni. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó máa ń pa éásì, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá fẹ́ wá lóṣù kẹta. Ní àkókò ọyẹ́, omi gbígbóná wà nínú fíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ jù lọ ni ohun tí mo ń gbé lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Sítúdíò kan tí mo kọ́kọ́ lọ, tí n kò ní dárúkọ, MP3 kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó kan ní Garki, tí mo béèrè bíìtì láìsí ohùn, wọ́n ní kí n tún san owó. Orin tí èmi fúnra mi kọ! Inú bí mi gan-an. Ní Kubwa, kí n tó dìde lórí àga ni Bọ̀ọ̀dá ti ń da gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì mi: WAV 24-bit (fáìlì tí wọn ò fún pọ̀ bíi MP3), bíìtì láìsí ohùn, ohùn láìsí bíìtì, àti stems, ìyẹn ìlù lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, ohùn agberin lọ́tọ̀. Ó tún gbé ìwé síwájú mi pé ká kọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó dá ohùn orin, ẹni tó ṣe bíìtì, àti ìdá tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan: ti orin tí a kọ, àti ti ohùn tí a ká sílẹ̀. Àìmọ̀ pé méjì ni ló ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́ àwọn ọmọdé jẹ. Nígbà tí mo ń gbé orin lọ sórí DistroKid, àwọn tó ń bá olórin gbé orin lọ sórí Spotify àti irú rẹ̀, tí wọ́n béèrè orúkọ gidi ẹni tó kọ ọ́, ìwé yẹn ni mo wò. Nọ́ńbà ISRC tí wọ́n fún mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin tí a ká sílẹ̀, èyí tó ní àmì 12, ìdí ìwé náà ni mo kọ ọ́ sí.

₦20,000 ni kíká ohùn fún wákàtí mẹ́ta, ₦45,000 ni míìsì (dída gbogbo ìró orin pọ̀) àti mastering (àtúnṣe ìkẹyìn kó tó jáde) orin kan. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Dutse-Alhaji, owó yẹn kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ mi. Láti 2024, Spotify kì í sanwó fún orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, nítorí náà owó tí mo bá ná kì í tètè padà. Síbẹ̀, mo rí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò gbà láti ti ìró orin dé góńgó kó lè pariwo, torí Spotify á kúkú dá a padà sí -14 LUFS, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìró ṣe ròkè tó. Kì í sì í lé mi nídìí kọ̀ǹpútà. Simi, olórin tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ orin X3M ní 2019 tó dá tirẹ̀, Studio Brat, sílẹ̀, ó mọ míìsì fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi dá àwọn tó ń ní kí n kó lọ sí Èkó lóhùn. Abuja níbí ni wọ́n ti dá Chocolate City, ilé-iṣẹ́ orin ńlá nì, sílẹ̀ ní 2005.

Àléébù rẹ̀ ni òjò. Abẹ́ páànù ni yàrá náà wà, tí òjò bá ti dé, iṣẹ́ dúró nìyẹn, kò sí ohun tí rockwool lè ṣe sí i. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹ gba àárọ̀. Yàrá náà ò sì lè gba onígángan àti onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ìlù tó yẹ kó máa dá ara wọn lóhùn á wá gan. Èyí dùn mí, torí orin tó kàn tí mo ní lọ́wọ́, ìlù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti ní kó wá gbọ̀ngàn fún wa.

Ìdajì owó lẹ máa fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ mú fún yín. Lọ́jọ́ Àìkú, ó di lẹ́yìn aago méjì, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ mú fláàṣì tó ṣófo dání.