Àgbéyẹ̀wò: iléeṣẹ́ tó ka DNA bakitéríà aṣálẹ̀ mi (2/5)

Mi ò ní dárúkọ wọn o, ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú ọba níbí ni wọ́n wà.

Ọjọ́ Túsìdeé, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí íméèlì wọn wọlé, mo ṣí fáìlì tíúbù 6, ó ní Bacillus subtilis, 100%. Bacillus kẹ̀! Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú nǹkan yìí, inú erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Atacama ní Chile la ti rí i, ibi tí òjò lè má kán fún ọdún mélòó kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú lórí ágà (oúnjẹ dídì inú àwo tá a fi ń gbìn wọ́n), àwọ̀ ẹ̀ sì dà bíi zobo tí wọ́n bu omi là. Bacillus tẹ́ ẹ gbìn lónìí, tó bá di ọ̀la ó ti gba gbogbo àwo. Ibo ni wọ́n ti wá bára tan?

Mo bá pe kọ́sítómà kíà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ ka FAQ. Ẹnì kejì ní ẹ̀rọ àwọn kì í ṣì í kà. Ẹnì kẹta ní kí n dúró, ó fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú 21 (mo kà á!), ló bá gé e. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, ohùn mi ti ń gbọ̀n, mo sì ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ọ̀gá mi ní láàbù. Ẹni tó gbé e rí orúkọ mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ma, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni."

Fúnra ẹ̀ ló lọ sídìí fìríìsà, ó ya fọ́tò àwọn tíúbù mi, ó fi ránṣẹ́. Ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé o ti ṣí fáìlì 9?"

Mi ò ṣí i. Kí ni mo fẹ́ ṣí i fún? Bacillus tí mo fi ṣe kọ́ńtíróòlù, èyí tí mo ti mọ èsì ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló wà nínú 9. Àfi ìgbà tí mo wo fọ́tò: orí ìdérí ni mo kọ nọ́ńbà sí, mi ò fa ìlà kankan sábẹ́ 6, mi ò fà á sábẹ́ 9. Ẹ yí ìdérí po, 6 ti di 9 nìyẹn. Láti Túsìdeé ni èsì mi ti wà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí dé ẹsẹ̀.

Fáìlì 9 ní ẹbí bakitéríà tó ń jẹ́ Modestobacter ni, èyí tó sún mọ́ ọn jù jọ ọ́ ní 97.9%, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 98.7% lórí jíìnì 16S (jíìnì tí wọ́n fi ń dá bakitéríà mọ̀), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yà tuntun. Ṣé ẹ wá rí ìpolówó wọn tó ní àwọn á sọ orúkọ bakitéríà yín pẹ̀lú 16S nìkan? Irọ́ ni o. Ó dìgbà tí mo sanwó kí wọ́n ka odindi jínóòmù ẹ̀, ìyẹn gbogbo DNA ẹ̀ (wọ́n kà á dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn), tí mo gbé e sórí TYGS, ìkànnì àwọn ará Jámánì tó ń fi jínóòmù bakitéríà wéra, tí kì í gba kọ́bọ̀, kí ó tó dá mi lójú. DDH (bí jínóòmù méjì ṣe jọra tó) jẹ́ 23%, bẹ́ẹ̀ 70% ni ààlà láàárín ẹ̀yà kan àti òmíràn. Èèyàn tuntun ni! Mo pariwo débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kanlẹ̀kùn.

Orúkọ ò tíì dúró ṣá, ó di ìgbà tá a bá fi irúgbìn ẹ̀ pamọ́ sílé ìtọ́jú bakitéríà méjì ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ló rán mi létí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Méjì nínú márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n yẹn ló ni méjèèjì, orin ìṣẹ́jú 21 ló jẹ ìyókù. Ní Mọ́ńdè mo tún ń fi tíúbù méje ránṣẹ́ sí wọn, mo ti fa ìlà sábẹ́ 6.