Ọlọ ayé àtijọ́ fún kíláàsì: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra asẹ́ mọ́ ọn

Ọlọ irú ti àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ láyé, ìyá ọlọ gbọọrọ àti ọmọ ọlọ tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì tì, ni àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́ni ń tún gbẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ àgbẹ̀ fojú ara ọmọ ènìyàn rí, ó tó rà. Kí a máa lọ ìyẹ̀fun jíjẹ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a kò fọwọ́ sí.

Òkúta rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta yanrìn rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń rún sínú ìyẹ̀fun. Òkúta basalt, òkúta dúdú tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá, tó ní ihò wínníwínní, ló dára jù: bó ṣe ń jẹ ni ihò tuntun ń yọ, kì í tètè dán. Granite kì í rún púpọ̀, àmọ́ tí ojú rẹ̀ bá ti dán, ọkà á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹ óò fi òkúta líle sọ ọ́ wẹ́wẹ́ títí yóò fi rí págunpàgun padà. Èyí tí wọ́n fi símẹ́ńtì rọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ gbé ìyá ọlọ kalẹ̀ kí orí tó jìnnà sí yín rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan, kí ẹ sì dà á nù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ọkà tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ kò ní kúnná. Odó ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Ẹ bu ṣíbí ìyẹ̀fun kan sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ rọra da omi funfun náà nù. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ tó ń dún lábẹ́ èékánná, òkúta ni.

Ohun tó ba eyín jẹ́ ní Abu Hureyra nìyẹn, abúlé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní àríwá Síríà létí odò Yúfírétì, níbi tí wọ́n ti walẹ̀ ní 1972 àti 1973. Ọkà líle àti ẹ̀rún òkúta jẹ eyín àwọn ará ibẹ̀ kúrú, òmíràn tiẹ̀ fọ́. Nígbà tí asẹ́ dé, ó dín kù. Nígbà tí ìkòkò dé, tí wọ́n ń se ọkà rọ̀ débi tó fi ń lẹ̀ mọ́ eyín, eyín jíjẹrà ló gorí àléfà.

Kíkúnlẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Theya Molleson, tó yẹ egungun wọn wò, rí i pé oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, orúnkún àti egungun ẹ̀yìn nítòsí ìbàdí ti bàjẹ́, pàápàá lára àwọn obìnrin. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ nídìí ọlọ, tó ká ìka ẹsẹ̀ sábẹ́, tó ń tì lọ tó ń fà bọ̀, yóò mọ ìdí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi tìmùtìmù orúnkún kún ọjà náà, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, òun ló ń bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀.

Apá ní tirẹ̀ lágbára sí i. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge kéde pé egungun apá àwọn obìnrin àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní àárín Yúróòpù fi ìdá 11 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti àwọn obìnrin tó ń fi wíwa ọkọ̀ ojú omi díje lónìí.

Tí ìwé pélébé tó bá ọlọ yín wá bá ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ló dá eyín jíjẹrà sílẹ̀, ẹ fa igi lé e. Ní Taforalt, ní Mòrókò, àwọn tí kò dáko rárá ní nǹkan bí 15,000 sí 13,700 ọdún sẹ́yìn ní ihò nínú eyín tó lé ní ìdajì gbogbo eyín àgbàlagbà wọn. Èso igi oak tí wọ́n ń ṣà nínú igbó, tó kún fún sítáàṣì, ló fà á.