Fọ́tò Louis Armstrong tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣa ohun tó jẹ mọ́ Louis Armstrong, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà tó ń fọn fèrè, jọ sílé mi ní Ìbarà, nítorí pé bàbá mi wà lára àwọn tó gbọ́ fèrè rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1960, kò sì yé ròyìn rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Àwo orin nìkan ni mo ní títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo ra fọ́tò kan tí Armstrong fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Satchmo", orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, sí, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà. 180 dọ́là ni mo san.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ oníṣòwò náà ni pé kò fi ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ Armstrong ló kọ ọ́ dí mi lójú. Kí n tó sanwó, mo ní kó ya àwòrán ẹ̀yìn fọ́tò náà fún mi, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì; ó tún fi lẹ́tà ẹni tó tà á fún un ránṣẹ́, tó ṣàlàyé bí ó ṣe dọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn eré. Ìfọwọ́sí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń tú sí àmì wínníwínní lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ṣùgbọ́n tàdáwà èyí ṣàn gbọọrọ, ó ki níbi tí ọwọ́ ti dúró díẹ̀, ó sì ń dán lọ́tọ̀ bí mo bá gbé fọ́tò náà síhà iná. Awò yẹn náà ló jẹ́ kí n rí àpá tí ẹnu fèrè dá sí ètè òkè rẹ̀, èyí tí n kò rí rí lára páálí àwo orin kankan. Mo jókòó tì í pẹ́.

Bí wọ́n ṣe dì í ló dùn mí. Àpò ìwé lásán ni, kò sí páálí nínú rẹ̀, igun kan sì ti ṣẹ́po kó tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Armstrong fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan ìrántí ṣeré: nínú ilé rẹ̀ ní Queens, ní ìlú New York, tó di mùsíọ́ọ̀mù lọ́dún 2003, ó máa ń gba ọ̀rọ̀ àti orin sórí téèpù, ó sì máa ń gé fọ́tò lẹ̀ mọ́ àpótí wọn. Oníṣòwò náà bẹ̀bẹ̀, ó sì dá 25 dọ́là padà.

Nítorí ọ̀rinrin ìgbà òjò, mo bẹ ẹni tó ṣe férémù rẹ̀ ní Ṣàpọ́n kó má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó sì fi páálí là á kúrò lára gíláàsì kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ti ń bá oníṣòwò yẹn sọ̀rọ̀ lórí ìwé ètò eré kan báyìí. Mo ti ní kó kọ́kọ́ ya àwòrán páálí méjì tí yóò fi há a láàárín fún mi, kí n tó sanwó.