Ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ àbí ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Large White: èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí láti Kuje àti Gwagwalada, ó yá o. Ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ tiwa, dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, òmíì ní funfun díẹ̀díẹ̀ lára, ẹnu ẹ̀ gùn gbọọrọ bíi ẹni tó ń wá owó tó sọnù, etí ẹ̀ kéré, irun ara ẹ̀ le. Large White ní tiẹ̀ funfun báláú, ara gígùn, itan ńlá, àmọ́ oòrùn Abuja yìí máa ń jó o lára tí ò bá sí ibòji.

Ẹ ò ní síkéèlì? Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn àyà ẹ̀ yípo lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn ẹ̀ láti àárín etí dé ìdí ìrù, ní mítà o, ẹ fi àyà lọ́po ara ẹ̀, ẹ fi gígùn lọ́po ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 69.3 lọ́po ohun tẹ́ ẹ rí, kílò ẹ̀ ti dé nìyẹn. Ìbílẹ̀ tí àyà ẹ̀ jẹ́ 0.8, tó gùn 0.9, bíi kílò 40 ni. Òyìnbó tó jẹ́ 1.2 àti 1.3? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130!

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ra fíìdì tó máa yó ìyẹn? Ìbílẹ̀ lèmi mú ní tèmi.