Agodi Gardens: ẹ kọ́kọ́ rìn kí ọmọ tó fojú kan omi

Òbí tó bá fẹ́ mú àwọn ọmọ jáde ní Sátidé, tó sì fẹ́ kí ara òun náà làágùn, kò níláti jìnnà ní Ìbàdàn. Láti Mọ́kọ́lá tàbí Sẹkitéríátì, Micra kò ní pẹ́ gbé yín dé Agodi Gardens. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 bà á jẹ́ gidigidi, ó sì pẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Igi ibẹ̀ ti dàgbà, òjìji pọ̀, kò sì sí pé ọ̀kadà ń fi èéfín kun èèyàn lójú. Ìdí tí a fi gbà pé ó sàn ju rírìn lẹ́bàá títì nìyẹn.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni ètò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń ti ẹnu ọ̀nà kọrí sí púùlù. Bí ọmọ bá ti wọ inú omi, eré ìdárayá òbí parí, nítorí òbí kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọmọ ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o lọ. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sí ọmọ lápá kò gba ẹ̀mí là: ó lè yọ́ bọ́, ó lè jò. Torí náà, ẹ jẹ́ kí púùlù gbẹ̀yìn. Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí owó ẹnu ọ̀nà, ẹ má tíì san án títí ẹ ó fi rìn tán.

Ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, kí oríkèé ara lè yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rìn kíákíá, ẹ fi méjì dẹ ẹsẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Bí ẹ bá ń yára, ẹ gbọ́dọ̀ lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Bí ẹ bá ṣì lè kọrin, ẹ kò tíì yára. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dín in kù. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní lè tẹ̀ lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ẹ sọ fún un pé kó sáré dé ìdí igi kan, kó dúró dè yín, kó tún sáré lọ sí òmíràn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ yóò sinmi nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òun.

Ní ibi ìṣeré àwọn ọmọ ni òbí púpọ̀ ti ń jókòó tẹ fóònù. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ọmọ bá wà lórí jangirọ́fà, ẹ dúró níwájú bẹ́ǹṣì, ẹ rọra jókòó bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìdí òun kan igi, ẹ dìde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ má jẹ́ kí gìgísẹ̀ yín gbé kúrò nílẹ̀, kí orúnkún má sì tẹ̀ wọnú. Bí ó bá ń dun orúnkún, ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ jù.

Ìyá tó pọn ọmọ ń gbé ẹrù kún ara rẹ̀, kò sí pé ó tún ń wá irin gbé. Kí ọ̀já mú ìdí ọmọ dáadáa, kí ó lè wà lókè ìbàdí ìyá, kí orí rẹ̀ má sì máa mì. Ìrìn nìkan ni kí ó ṣe, kó má sáré. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbi ìbímọ, kó gba àṣẹ dókítà kó tó pọn ọmọ rìn gígùn.

Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ 50cl. Méjì fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi kún un bí ooru bá mú. Ọsàn bíbó, ẹyin sísè àti mọ́ínmọ́ín tó fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn òjò, koríko máa ń yọ̀, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò dára níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ̀fọn ń jáde lẹ́bàá adágún omi: aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni kí àwọn ọmọ wọ̀. Ọjọ́ Iléyá àti Kérésì, ẹ máa lọ ṣeré, ẹ má ronú ìdárayá. Èrò á pọ̀ jù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ẹranko jù, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni kó mú un lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 sì máa fi 60 ìṣẹ́jú ṣe é lójúmọ́. Bí ẹ bá rí 45 ṣe ní Agodi, 105 ló kù, ìyẹn ìṣẹ́jú 21 lọ́jọ́ márùn-ún. Ìrìn lọ sí ibùdókọ̀ wọ inú rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ti ń le, ẹ gun Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Ìbàdàn níbí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ sí orí Òkè Ààrẹ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn láyé àtijọ́, ó ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn 47 ló sì yí po nínú rẹ̀. Òkè tí ẹ ń gùn kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀ le ju àtẹ̀gùn náà lọ. Ẹ di ọmọ mú lọ́wọ́, kó wà lápá ibi tí àtẹ̀gùn ti fẹ̀, àgbà kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Tí ẹ bá dókè, ẹ wo aago: ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi ń mí helehele kí èémí tó balẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ fi wé ti oṣù tó ń bọ̀.